Àga Obìnrin ní Ilé Aṣòfin: Àgbéyẹ̀wò láti Ẹdẹ

Láti ọjọ́ 27 oṣù Kẹjọ ọdún 1991 tí wọ́n ti dá ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sílẹ̀, kò tíì sí obìnrin kan ṣoṣo tó jókòó ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà l'Ábùjá lórúkọ ìpínlẹ̀ náà. Àga mẹ́ta ni Ọ̀ṣun ní níbẹ̀, Ẹdẹ sì wà lára ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn Ọ̀ṣun. Kì í ṣe pé ìlú yìí kò mọ òṣèlú. Ilé kan ṣoṣo ní Ẹdẹ ti mú sẹ́nétọ̀ mẹ́ta jáde: Rájí Ayọ̀ọlá Adélékè nígbà ìjọba alágbádá kejì, Ìsíákà ọmọ rẹ̀, àti Adémọ́lá àbúrò Ìsíákà, tó di gómìnà ní ọjọ́ 27 oṣù Kọkànlá ọdún 2022. Kì í sì í ṣe pé apá obìnrin Ẹdẹ kò ká nǹkan. Ẹ dé Ọjà Tìmì, ẹ ó rí i pé obìnrin ló ń dá iye lé ọjà, obìnrin ló ń kó àjọ, obìnrin ló ń parí ìjà láàárín àwọn tó ń jà sí ìsọ̀. Nígbà ìpolongo ìbò, àwọn kan náà ló ń dá aṣọ ẹgbẹ́, tí wọ́n ń kọrin, tí wọ́n ń gbé ìkòkò ìrẹsì kaná. Ṣùgbọ́n bó bá di ọjọ́ tí a fẹ́ mú ẹni tí yóò lọ ṣòfin, a kì í ráyè pe orúkọ wọn.

Baba wa ló sọ pé a kì í fárí lẹ́yìn olórí. Òfin tó kan ilé ìgbẹ̀bí, owó orí ọjà, ogún ìyá àti ẹ̀kọ́ ọmọbìnrin, ṣé ó yẹ kí a máa fá a lẹ́yìn ẹni tó ni orí? Ọ̀rọ̀ yìí ti di pápá ẹ̀kọ́ ńlá ní àwọn yunifásítì ayé. Àgbéyẹ̀wò yìí fẹ́ wo ohun tí àwọn onímọ̀ ti rí, ohun tí ìtàn ilẹ̀ Yorùbá ní lọ́wọ́, àti ọ̀nà tó lè ṣiṣẹ́ ní ìlú bí Ẹdẹ.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo iye. Ní ọdún 1999 tí ìjọba alágbádá padà dé, obìnrin mẹ́ta ló wọ ilé aṣòfin àgbà tí àga rẹ̀ jẹ́ 109: Florence Ita-Giwa, Stella Omu, àti Khairat Abdulrazaq-Gwadabe, ọmọ Ìlọrin tó ṣojú Abùjá. Ní ìdìbò ọdún 2023, lẹ́yìn ọdún mẹ́rìnlélógún, àjọ elétò ìdìbò tún kéde obìnrin mẹ́ta: Ireti Kingibe, Ipalibo Banigo, àti Ìdíátù Adébùlé láti Ìwọ̀-Oòrùn Èkó. Ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ló fi Natasha Akpoti-Uduaghan ṣe ìkẹrin kí ọdún náà tó parí. Láàárín ìgbà méjèèjì, iye náà gòkè díẹ̀, ó sì tún wálẹ̀. Kò tíì dé ìdá kan nínú mẹ́wàá rí, yálà ní ilé aṣòfin àgbà tàbí ní ilé aṣojú-ṣòfin tó ní àga 360. Àpapọ̀ gbogbo ilé aṣòfin àgbáyé ti kọjá ìdá kan nínú mẹ́rin. Ní orílẹ̀-èdè tí obìnrin fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì àwọn tó forúkọ sílẹ̀ láti dìbò, iye tiwa yìí kò bójú mu.

Ṣùgbọ́n ṣé iye nìkan ni ọ̀rọ̀? Ibi tí àwọn onímọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ àríyànjiyàn nìyẹn. Hanna Pitkin, onímọ̀ òṣèlú ní Amẹ́ríkà, gbé ìwé kan jáde ní ọdún 1967 lórí ohun tí ó túmọ̀ sí láti ṣojú ènìyàn. Ó ya ọ̀rọ̀ náà sí ọ̀nà mẹ́rin. Èkíní, pé òfin fún aṣojú láṣẹ, àwọn tó rán an sì lè bi í léèrè. Èkejì, pé ó jẹ́ àmì fún àwọn ènìyàn rẹ̀, bí àsíá ṣe jẹ́ fún ìlú. Ẹ̀kẹta, pé ó jọ wọ́n: bí wọ́n ṣe jẹ́ àgbẹ̀ lòun náà jẹ́ àgbẹ̀, bí wọ́n ṣe jẹ́ obìnrin lòun náà jẹ́ obìnrin. Ẹ̀kẹrin, pé ó ń ṣe iṣẹ́ tó ṣe wọ́n láǹfààní. Lójú Pitkin, ẹ̀kẹrin ló ṣe kókó jù. Bí iṣẹ́ bá ń lọ, kí ló kàn wá pẹ̀lú ẹni tó ń ṣe é?

Ní ọdún 1995, Anne Phillips láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fèsì. Ó ní èrò kì í dá rìn, ènìyàn ló ń gbé e wá. Ó ṣeé ṣe kí aṣòfin ọkùnrin fẹ́ràn obìnrin tọkàntọkàn, síbẹ̀ kó má ronú kan ohun tí kò dé bá a rí. Ọ̀rọ̀ tí a kò tíì gbé sí orí tábìlì rárá kò lè wà nínú ìlérí tí olóṣèlú ṣe nígbà ìpolongo. Ẹni tó mọ̀ ọ́n ní ara rẹ̀ ló ń dé ibẹ̀ kó tó sọ ọ́ jáde. Ìgbìmọ̀ tó ń ṣètò ọjà láìsí ọlọ́jà kan láàárín wọn lè kọ́ ìsọ̀ tó dára, kí wọ́n gbàgbé ibi tí ìyálọ́mọ yóò tẹ́ ọmọ sí àti ibi tí yóò ti lọ ṣe ìgbọ̀nsẹ̀. Kò dìgbà tí wọ́n bá jẹ́ ìkà.

Drude Dahlerup, ọmọ ilẹ̀ Denmark, ló sọ ọ̀rọ̀ iye di ohun tí gbogbo ayé ń tọ́ka sí, nínú iṣẹ́ tó gbé jáde ní ọdún 1988. Àwọn ènìyàn mú un nínú iṣẹ́ rẹ̀ pé bí obìnrin bá ti tó ìdá ọgbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún, ilé aṣòfin yóò yí padà. Ẹni tó bá ka iṣẹ́ náà dáadáa yóò rí i pé òun fúnra rẹ̀ ṣọ́ra. Ó ní ohun tí obìnrin bá ṣe pọ̀ nígbà tí wọ́n débẹ̀ ló ń yí nǹkan padà, iye kàn ń fún wọn ní àyè láti ṣe é ni.

Nílẹ̀ Áfíríkà, ìwé Sylvia Tamale tó jáde ní ọdún 1999 lórí àwọn obìnrin aṣòfin Uganda ṣe pàtàkì púpọ̀. Uganda ti ya àga kan sọ́tọ̀ fún obìnrin ní àgbègbè kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n nígbà náà, ìgbìmọ̀ olùdìbò kékeré kan, tí ọkùnrin pọ̀ jù nínú rẹ̀, ló ń yan àwọn obìnrin yìí dípò gbogbo ìlú. Nítorí náà, ẹni tó yan obìnrin ló mọ ibi tí òkùn rẹ̀ so sí. Ní ọdún 1995, Amina Mama ti sọ ohun tó sún mọ́ èyí nípa Nàìjíríà: agbára tí ìyàwó olórí ń lò nítorí ipò ọkọ rẹ̀ kì í ṣe agbára gbogbo obìnrin, bí ọkọ bá sì ti kúrò lórí àga, agbára náà bá a lọ. Ẹ̀kọ́ kan náà ni méjèèjì kọ́ wa: kí a tó ka iye obìnrin tó wọlé, kí a wo ọwọ́ tó ṣílẹ̀kùn fún wọn.

Kí ni ilẹ̀ Yorùbá fúnra rẹ̀ ní láti sọ? Bọ́láńlé Awẹ́, òpìtàn ọmọ Iléṣà, kọ iṣẹ́ kan ní ọdún 1977 lórí Ìyálóde tí kò sí onímọ̀ tó lè fò dá. Ó fi hàn pé Ìyálóde kì í ṣe aya ìjòyè, ìjòyè ni òun fúnra rẹ̀. Ó ní Ọ̀tún àti Òsì tirẹ̀, ó ń jókòó ní ìgbìmọ̀ ìlú, ó sì ń sọ ohun tí àwọn obìnrin fẹ́. N'Íbàdàn, Ẹfúnṣetán Aníwúrà lówó, ó lẹ́rú, ó sì lẹ́nu nínú ọ̀rọ̀ ogun títí tí wọ́n fi pa á ní ọdún 1874. Ṣùgbọ́n Awẹ́ kò fi oyin sí ìtàn náà. Ó sọ ọ́ gbangba pé ẹyọ kan ni Ìyálóde láàárín ọ̀pọ̀ ọkùnrin, ohùn kan kò sì tó láti borí. Ohun tí Dahlerup padà sọ nípa ilé aṣòfin Yúróòpù, obìnrin Iléṣà ti rí i nínú ìgbìmọ̀ Ìbàdàn ní ọdún mọ́kànlá ṣáájú.

Oyèrónkẹ́ Oyěwùmí tún gbé e síwájú ní ọdún 1997. Ó ní nínú agboolé Yorùbá, ọjọ́ orí àti ìgbà tí ènìyàn wọ ilé ló ń pín ipò, kì í ṣe akọ tàbí abo. Ìjọba àwọn òyìnbó ló kó obìnrin jọ sí ẹgbẹ́ kan, tó sì tì wọ́n sẹ́yìn. Bibi Bakare-Yusuf ta kò ó ní ọdún 2003 pé ipò àgbà lè bo ìnira mìíràn mọ́lẹ̀, pé ohun tí a ń wí pé kò sí lè wà láìní orúkọ. Lójú tèmi, àwọn méjèèjì jàre níbi kan. Ẹ wo agboolé kan ní Ẹdẹ. Ọmọbìnrin ilé tó ti lọ sílé ọkọ, bó bá padà wá fún ìpàdé ẹbí, ọkọ ni fún gbogbo ìyàwó ilé, ọkùnrin tó kéré sí i kò sì gbọdọ̀ já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ ọn lẹ́nu. Àmọ́ ọ̀la tó bá padà sílé ọkọ, ìyàwó ni, ó sì ń kúnlẹ̀ kí ọmọ kékeré tí wọ́n bí ṣáájú ọjọ́ ìgbéyàwó rẹ̀. Ilé méjì ló ní, agbára rẹ̀ sì yàtọ̀ síra nínú méjèèjì.

Òṣèlú ìsinsìnyí ti wá sọ ilé méjì yìí di àléébù sí i lọ́rùn. Bó bá dupò ní ìlú bàbá rẹ̀, wọ́n á ní ó ti lọ sílé ọkọ. Bó bá dupò ní ìlú ọkọ, wọ́n á ní àlejò ni. Bẹ́ẹ̀ ìwé tí Insa Nolte, Olúkọ̀yà Ògen àti Rebecca Jones ṣe àkójọ rẹ̀ lórí Ẹdẹ ní ọdún 2017, nípa bí Mùsùlùmí, Kírísítẹ́nì àti ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ ṣe ń gbé pọ̀, ní orí kan lórí ìgbéyàwó láàárín ẹlẹ́sìn méjì, níbi tí obìnrin ti ń ṣe alárinà láàárín ilé bàbá àti ilé ọkọ. Ìlú tí ọba rẹ̀, Tìmì Hábíbù Lágunjú, ti gba ẹ̀sìn Mùsùlùmí láyé ogun, tí Ṣàngó ṣì ní àyè níbẹ̀, tí ṣọ́ọ̀ṣì àti yunifásítì Kírísítẹ́nì tún pọ̀ sí, nílò ẹni tó mọ ilé ju ọ̀kan lọ. Iṣẹ́ aṣòfin gan-an nìyẹn: kí a pàdé, kí a bá ara wa wí, kí a sì fẹnu kò. Ohun tí a kà sí àléébù obìnrin ni ẹ̀kọ́ tó dára jù tí aṣòfin lè gbà.

Ibo ni ìlẹ̀kùn ti sé? Ìjọba amúnisìn ló dá ìgbìmọ̀ tí kò ní ìjókòó obìnrin sílẹ̀. L'Ábẹ́òkúta, obìnrin ń san owó orí tirẹ̀, kò sì ní aṣojú. Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti àti ẹgbẹ́ àwọn obìnrin Ẹ̀gbá dìde, Aláké Adémọ́lá sì fi ìlú sílẹ̀ ní ọdún 1949. Àwọn obìnrin wọ ìgbìmọ̀ ìlú lẹ́yìn náà. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹgbẹ́ òṣèlú dé, wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ lé ẹgbẹ́ lọ́wọ́. Ní ọdún 1959, ẹgbẹ́ NCNC kò fa ìyá yìí kalẹ̀, akínkanjú tó lé ọba. Ó dá dupò, kò sì wọlé. Ní ọdún 1960, Wúràọlá Ẹ̀san láti Ìbàdàn di obìnrin àkọ́kọ́ ní ilé aṣòfin àgbà Nàìjíríà. Yíyàn ni wọ́n yàn án, wọn kò dìbò fún un. Ó padà jẹ Ìyálóde Ìbàdàn ní ọdún 1975. Ní ọdún 1983 ni Franca Afegbua láti ìpínlẹ̀ Bendel tó fi ìbò wọlé síbẹ̀.

Àpẹẹrẹ tó kọ́ mi lẹ́kọ̀ọ́ jù wà ní Ọ̀ṣun níhìn-ín, kò sì jìnnà sí Ẹdẹ. Ẹkùn aṣojú-ṣòfin Ayédáadé, Ìrẹ́wọlé àti Ìsọ̀kan rán Patricia Etteh, ọmọ Ìkirè, lọ sí Abùjá láti ọdún 1999 dé 2011. Lẹ́yìn rẹ̀, Ayọ̀ Omidiran gbà á títí di 2019. Lẹ́yìn ìyẹn, Taiwo Oluga gbà á títí di 2023. Ọdún mẹ́rìnlélógún gbáko, obìnrin mẹ́ta, ẹgbẹ́ tó wà lórí àga sì ń yí padà. Kò sí òfin tó ya àga náà sọ́tọ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ojú àwọn ará ẹkùn náà ti là sí i. Nígbà tí ẹgbẹ́ bá ń wá ẹni tó lè wọlé, orúkọ obìnrin kì í ṣe àjèjì mọ́ létí wọn. Bí obìnrin kan bá ti lọ, ọ̀nà ti wà fún èkejì.

Etteh fúnra rẹ̀ di Abẹnugan ilé aṣojú-ṣòfin nínú oṣù Kẹfà ọdún 2007, obìnrin àkọ́kọ́ tí yóò dé ipò náà. Nínú oṣù Kẹwàá ọdún kan náà, ó kọ̀wé fipò sílẹ̀ nítorí ẹ̀sùn lórí mílíọ̀nù 628 náírà tí wọ́n fẹ́ fi tún ilé ìjọba ṣe. Kò sí ilé ẹjọ́ tó dá a lẹ́bi lórí rẹ̀. Kí ilé bi olórí rẹ̀ léèrè owó, ẹ̀tọ́ wọn ni. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ irun tó ti ṣe rí ni ọ̀pọ̀ fi ń bú u, bí ẹni pé ọwọ́ tó ṣe irun kò lè gbé òòlù Abẹnugan. L'Ékòó, Mojísọ́lá Meranda di Abẹnugan obìnrin àkọ́kọ́ ní ọjọ́ 13 oṣù Kìíní ọdún 2025. Nígbà tó fi di ọjọ́ 3 oṣù Kẹta, ó ti kúrò, ẹni tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ sì padà sí àga. Ìyẹn fi ìyàtọ̀ hàn láàárín kí obìnrin dé ipò àti kó ní ẹni tó pọ̀ tó tí yóò dúró tì í.

Kí ni ọ̀nà? Ìlànà ìjọba àpapọ̀ lórí ọ̀rọ̀ obìnrin ti sọ ìdá 35 nínú ọgọ́rùn-ún láti ọdún 2006, ilé ẹjọ́ gíga l'Ábùjá sì pàṣẹ ní oṣù Kẹrin ọdún 2022 pé kí ìjọba tẹ̀ lé e. Oṣù kan ṣáájú ìdájọ́ yìí, ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹta, ilé aṣòfin ti da àbá àga àkànṣe nù: àga 37 ní ilé àgbà, 74 ní ilé aṣojú-ṣòfin, àti mẹ́ta ní ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Àwọn obìnrin ṣe ìwọ́de lọ sí ẹnu ọ̀nà ilé náà.

Àwọn aládùúgbò wa ti ṣe tiwọn. Òfin ìdìbò ọdún 2019 ní ilẹ̀ Benin ya àga 24 sọ́tọ̀ fún obìnrin, ọ̀kan ní ẹkùn kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí wọ́n dìbò nínú oṣù Kìíní ọdún 2023 sí àga 109, obìnrin tó wọlé ju 24 lọ, àwọn ará Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́ tí wọ́n ń sọ èdè wa sì wà lára àwọn tó dìbò bẹ́ẹ̀. Senegal ṣe òfin ní ọdún 2010 pé kí orúkọ akọ àti abo máa tẹ̀ lé ara wọn. Ní ọdún 2012, obìnrin lé ní ìdá ogójì nínú ilé. Ní Rwanda, obìnrin ti ju ìdajì lọ láti ọdún 2008. Ṣùgbọ́n kí a má ṣe da èyí kọ láìronú. Ìwé tí orúkọ ènìyàn púpọ̀ wà ni wọ́n ń tẹ̀ka sí ní àwọn ilẹ̀ mẹ́ta yìí. Tiwa, ẹnì kan ṣoṣo ni ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ń fà kalẹ̀ ní ẹkùn kan, ìyẹn ni obìnrin kò fi rí ibi wọlé.

Ìlànà ìdìbò ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló jọ tiwa. Níbẹ̀, ẹgbẹ́ Labour pinnu pé ní àwọn ẹkùn kan, obìnrin nìkan ni yóò bá ara wọn díje nínú ìdìbò abẹ́lé. Ní ọdún 1997, iye obìnrin nílé aṣòfin lọ láti 60 sí 120. Wọ́n pè é lẹ́jọ́, ilé aṣòfin sì ṣe òfin ní ọdún 2002 tó fún ẹgbẹ́ láyè láti máa ṣe é. Òtítọ́ ni pé ẹgbẹ́ Conservative kò ṣe bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ obìnrin ti ṣe olórí rẹ̀ léraléra, Kemi Badenoch ọmọ Yorùbá sì gba ipò náà nínú oṣù Kọkànlá ọdún 2024. Òtítọ́ tó tẹ̀ lé e ni pé obìnrin aṣòfin Labour pọ̀ ju tiwọn lọ ní gbogbo ìgbà yẹn. Ẹnì kan lè fo odi. Ìlẹ̀kùn ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń gbà.

Àwọn tó lòdì sí àga àkànṣe ní ẹjọ́ tí ó yẹ ká gbọ́. Wọ́n ní owó tí à ń ná lórí aṣòfin ti pọ̀ jù, kí a má tún fi àga 111 kún un l'Ábùjá. Òótọ́ ni. Wọ́n ní àwọn alágbára yóò kó ìyàwó, àbúrò àti ọmọ wọn sí i. Ẹ̀rù yẹn tọ́, Tamale ti kìlọ̀ rẹ̀. Wọ́n ní kí obìnrin wá díje bí ọkùnrin. Èyí ni kò dúró. Ní ọdún 2022, ẹgbẹ́ APC ta fọ́ọ̀mù ilé àgbà ní ogún mílíọ̀nù náírà, ó sì yọ obìnrin kúrò nínú èyí tó pọ̀ jù nínú owó náà. Fọ́ọ̀mù kò ṣẹ́gun. Ìpàdé òru ni wọ́n ti ń pín ipò, ọwọ́ aṣojú ẹgbẹ́ tí ọkùnrin kún inú wọn ni ìbò abẹ́lé wà lọ́dún náà, aṣáájú obìnrin sì jẹ́ ẹyọ kan láàárín wọn, bí Ìyálóde tí Awẹ́ kọ̀wé nípa rẹ̀ gẹ́lẹ́.

Ìdájọ́ mi rèé. Àga tí òfin fún obìnrin kì í ṣe àṣà àjèjì. Ìyálóde ti jókòó sórí irú rẹ̀ rí. Ohun tó kù ni kí ìjókòó náà ju ẹyọ kan lọ, kí ó sì jẹ́ pé ìlú ló dìbò fún un. Kò di dandan kí a dúró de Abùjá. Àga 26 ló wà ní ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Ẹgbẹ́ òṣèlú kankan tó bá fẹ́ lè kéde pé ní mẹ́jọ nínú ẹkùn wọ̀nyí, obìnrin nìkan ni yóò díje nínú ìbò abẹ́lé, láàárín ara wọn, kí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ sì yan èyí tó wù wọ́n. Kò ní fi kọ́bọ̀ kún owó ìlú, kò sì ní sí àga tuntun kan. Àbá àga àkànṣe náà dára, bí a bá fi iye ọdún tí yóò parí sí i, tí gbogbo ìlú sì ń dìbò sí i.

Ẹ̀yin ìyá wa ní Ọjà Tìmì, ẹ̀yin bàbá wa nínú ẹgbẹ́, ní Àríwá Ẹdẹ àti ní Gúúsù Ẹdẹ: kí ìdìbò abẹ́lé tó dé, ẹ béèrè ní wọ́ọ̀dù yín pé obìnrin mélòó ni ẹgbẹ́ fẹ́ fà kalẹ̀, àti ní ibo. Bí èsì rẹ̀ bá jẹ́ pé kò sí, ẹ má dá aṣọ ẹgbẹ́ náà.